Ẹ má fowó ọbẹ̀ ra agolo o! Ohun tó yẹ káwọn òbí mọ̀ nípa pàúdà táwọn géndé ń pò mu torí kí iṣan wọn lè ki

Láti ọwọ́ akọ̀ròyìn wa, Àgbádárìgì

Bí èèyàn bá gba etí òkun Àgbádárìgì kọjá lásìkò táwọn apẹja ń fa àwọ̀n, á rí àwọn ọkùnrin tí iṣan apá wọn le bí okùn tí wọ́n ń fà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò wọ jíìmù rí láyé wọn. Àmọ́ ní àgbègbè kan náà, láti Ajara títí dé ẹnubodè Seme, àwọn ọ̀dọ́ wà tí wọ́n ń tọ́jú owó pamọ́ díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n lè fi ra agolo pàúdà kan báyìí, tí wọ́n ya àwòrán òyìnbó alágbára sí lára. Wọ́n gbà pé àfi táwọn bá ń pò ó mu lára àwọn tó lè ki, kí àyà àwọn sì yọ síta bíi tàwọn tí wọ́n ń rí nínú fíìmù.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń kọ àwọn òbí lóminú. Kí ló wà nínú agolo ọ̀hún gan-an? Ṣé oògùn ni àbí oúnjẹ? Ṣé kò ní ba kíndìnrín ọmọ jẹ́? Ṣé kò ní sọ ọmọkùnrin di akúra lọ́la? Ìdí rèé tá a fi tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, tá a sì fi ohun táwọn onímọ̀ ti rí wé ohun tó wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ wa létí òkun níbí.

Ká má fọ̀rọ̀ falẹ̀, pàúdà náà kì í ṣe oògùn, kì í sì í ṣe idán. Oúnjẹ ni. Ohun tó wà nínú rẹ̀ wà nínú ẹja sawá, ó wà nínú ẹ̀wà, ó wà nínú ẹyin, ó sì wà nínú edé tí àwọn ìyá wa ń sá sórí ẹní. Ibi tí ewu wà ni àwọn nǹkan mìíràn tó máa ń bá agolo náà rìn, àti ìyà tó ń jẹ ẹni tó fi owó oúnjẹ ra agolo.

OMI WÀRÀ NI WỌ́N SỌ DI OLÓWÓ ŃLÁ

Ọ̀pọ̀ ẹ̀yin òǹkàwé wa lẹ ti ra wàrà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní. Ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á gbé mílíìkì màlúù kaná, wọ́n á fi omi ewé bòmubòmu sí i, mílíìkì náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Wọ́n á wá kó èyí tó dì sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré, omi á sì máa ro jáde lábẹ́ rẹ̀. Omi tó ń ro jáde yẹn làwọn òyìnbó ń pè ní whey, òun gan-an ni wọ́n sì fi ń ṣe èyí tó wọ́pọ̀ jù lára àwọn pàúdà tí à ń wí yìí.

Nílùú òyìnbó, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ṣíìsì rẹpẹtẹ, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń da omi yìí nù, tàbí kí wọ́n gbé e fún ẹlẹ́dẹ̀ mu. Ìgbà tó yá ni wọ́n rí i pé purotéènì tó dáa gan-an wà nínú rẹ̀. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ́ ẹ, wọ́n ń gbẹ ẹ́ di pàúdà, wọ́n ń fi ṣokoléètì tàbí fàńílà sí i kó lè dùn lẹ́nu, wọ́n sì ń rọ ọ́ sínú agolo tà fáráyé.

Purotéènì ni èròjà inú oúnjẹ tí ara fi ń mọ ẹran ara, bí ìgbà tí bíríkìlà bá ń fi búlọ́ọ̀kù mọ ilé. Ṣíbí kan tó máa ń wà nínú agolo náà sábà máa ń gba nǹkan bíi gíráàmù 30 pàúdà, purotéènì inú rẹ̀ á sì wà láàárín gíráàmù 20 sí 25. Ẹ wá jẹ́ ká fi í wé oúnjẹ tiwa. Ẹja sísè tó wọn gíráàmù 100, ìyẹn ègé kan tó tóbi díẹ̀, ní gíráàmù 20 sí 25. Ẹyin adìẹ kan ní bíi 6. Ẹ̀wà gbígbẹ tó wọn gíráàmù 100 ní bíi 23, ẹ̀pà ní bíi 25, ẹ̀wà sóyà sì ní tó 36. Ní ti edé gbígbẹ àti ẹja gbígbẹ, nítorí pé omi ti tán lára wọn, ó ju ìdajì ìwọ̀n wọn lọ tó jẹ́ purotéènì.

Èyí fi hàn pé ṣíbí pàúdà kan àti ègé ẹja ńlá kan, ọmọ ìyá ni wọ́n. Èyí tó kàn ṣẹ̀dá ìṣòro nínú oúnjẹ wa ni gàrí. Nínú gíráàmù 100 gàrí, purotéènì tó wà níbẹ̀ ò ju nǹkan bíi 1 lọ. Ẹni tó bá jẹ ẹ̀bà òkèlè ogún pẹ̀lú ọbẹ̀ tí ẹja inú rẹ̀ ò ju ìka lọ, ó yó lóòótọ́, àmọ́ búlọ́ọ̀kù tí ara fẹ́ fi mọlé kò dé.

IRIN LÓ Ń PE IṢAN, OÚNJẸ LÓ Ń DÁ A LÓHÙN

Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ò mọ̀ ni pé pàúdà kò lè mú iṣan ki fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó sójú kan, tó ń pò ó mu láàárọ̀ àti lálẹ́, ikùn ló máa yọ kẹ́yìn. Iṣẹ́ ló ń sọ fún ara pé kó fi kún iṣan. Bí èèyàn bá gbé ohun tó wúwo títí tó fi rẹ apá rẹ̀, ara á rí i pé ẹrù ti ju agbára lọ. Lẹ́yìn náà, nígbà tó bá ń sinmi tó sì ń sùn, ara á máa tún iṣan náà ṣe, á sì fi díẹ̀ kún ti tẹ́lẹ̀ kí ẹrù ọjọ́ mìíràn má bàa wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìdí nìyẹn tí ìsinmi fi jẹ́ ara iṣẹ́ náà. Ẹni tó ń gbé irin lójoojúmọ́ láìsinmi, tí kì í sùn dáadáa lóru, ó ń wólé tí kò tíì mọ tán.

Àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ní ìtàn kan nípa oníjàkadì kan tó ń jẹ́ Milo, ará ìlú Croton, tó gbé láyé ní nǹkan bí ọdún 2,500 sẹ́yìn. Wọ́n ní ó máa ń gbé ọmọ màlúù kan lójoojúmọ́. Bí ọmọ màlúù náà ṣe ń dàgbà ni agbára Milo náà ń pọ̀ sí i, títí tó fi ń gbé odindi akọ màlúù. Ìtàn ni o, àmọ́ ọgbọ́n inú rẹ̀ làwọn tó ń kọ́ èèyàn ní irin gbígbé ṣì ń lò dòní. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Kò sì dìgbà téèyàn bá sanwó jíìmù. Ọ̀pọ̀ àdúgbò ni wọ́n ti máa ń po sìmẹ́ǹtì sínú agolo méjì, tí wọ́n á ki páìpù irin bọ̀ ọ́ láàárín, tí wọ́n á sì máa fi ṣe eré ìdárayá. Àwọn tó ń fa àwọ̀n létí òkun, àwọn tó ń wa yanrìn nínú ọ̀sà, àwọn tó ń gun àgbọn, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe fún iṣan wọn láìmọ̀.

Lọ́dún 2018, àwọn onímọ̀ kan kó àbájáde ìwádìí 49 jọ, èyí tí wọ́n ti ṣe fún èèyàn 1,863 tó ń gbé irin, wọ́n sì gbé e jáde nínú ìwé táwọn dókítà eléré ìdárayá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń tẹ̀. Wọ́n rí i pé irin gbígbé fúnra rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Àfikún purotéènì ràn án lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó fi kún ẹran ara wọn kò ju nǹkan bíi gíráàmù 300 lọ. Wọ́n tún rí i pé bí purotéènì téèyàn ń jẹ lóòjọ́ bá ti kọjá gíráàmù 1.6 fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọn, àfikún tó bá tún ṣe lórí ìyẹn kò mú iṣan ki ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Nítorí náà, ọ̀dọ́ tó ń bu ṣíbí mẹ́rin mẹ́rin lóòjọ́, owó rẹ̀ ló ń dà nù.

ÌṢIRÒ GÉNDÉ TÓ WỌN KÍLÒ 60

Ẹ jẹ́ ká fi ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le nílò nǹkan bíi gíráàmù 0.83 purotéènì fún kílò kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. Ẹni tó wọn kílò 60 nílò nǹkan bíi 50 nìyẹn. Bó bá wá jẹ́ géndé tó ń gbé irin, tó fẹ́ dé góńgó 1.6 yẹn, 96 ló máa jẹ́. Ṣé èèyàn lè rí 96 láìfọwọ́ kan agolo?

Láàárọ̀, kó mu ẹ̀kọ gbígbóná, kó fi ẹyin sísè méjì tì í: 12 nìyẹn. Lọ́sàn-án, kó jẹ ẹ̀bà pẹ̀lú ọbẹ̀ tí ẹja tó wọn gíráàmù 150 wà nínú rẹ̀: bíi 33. Nírọ̀lẹ́, kó rẹ gàrí, kó fi ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan àti àgbọn sí i: bíi 8. Lálẹ́, kó jẹ ẹ̀wà tí wọ́n fi gíráàmù 150 sè, ìyẹn ẹ̀wà gbígbẹ tó lé díẹ̀ ní agolo mílíìkì kan: bíi 34. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 87. Bá a bá wá ka díẹ̀díẹ̀ tó wà nínú ẹ̀kọ, nínú gàrí, àti nínú edé tí wọ́n fi se ọbẹ̀, a ti dé ibi tá à ń lọ, kò sì sí oúnjẹ kan níbẹ̀ tí ìyá àgbà ò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà nípa ẹyin o. Àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń fọ́ ẹyin tútù sínú kọ́ọ̀bù, wọ́n á gbé e mu lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lágbára jù. Irọ́ ni. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù lọ́dún 1998 fi hàn pé nínú purotéènì ẹyin sísè, ara gba bíi 91 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tí wọ́n mu ní tútù, 51 péré ni ara rí gbà. Yàtọ̀ sí pé wọ́n ń fi ẹyin ṣòfò, kòkòrò àìsàn tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru lè wà nínú ẹyin tí iná ò kàn.

ÀGBỌN WA KÌ Í ṢE OHUN ÀMÚṢERÉ

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó tín-ín-rín tí wọ́n fẹ́ sanra, kì í ṣe purotéènì nìkan ni wọn ò jẹ tó, oúnjẹ lápapọ̀ ni. Ara ní láti rí agbára lò kó tó lè mọlé. Bí agbára ò bá tó, á dáná sun purotéènì náà, bí ẹni tó fi ilẹ̀kùn ilé dáná. Ohun táwọn onímọ̀ sọ ni pé kí ẹni tó fẹ́ wọn sí i fi nǹkan bíi kálórì 300 sí 500 kún ohun tó ń jẹ lóòjọ́.

Ibí yìí ni àgbọn ti wúlò. Gbogbo Èkó ló mọ̀ pé àgbègbè Àgbádárìgì lọ́lá tó bá dọ̀rọ̀ àgbọn. Purotéènì inú rẹ̀ kò pọ̀, nǹkan bíi gíráàmù 3 péré ló wà nínú 100, ṣùgbọ́n ọ̀rá inú rẹ̀ pọ̀ débi pé gíráàmù 100 náà ń fún ara ní nǹkan bíi kálórì 350. Bí ọmọ bá fi ẹ̀kúnwọ́ gàrí kan àti ègé àgbọn mélòó kan kún oúnjẹ rẹ̀ lóòjọ́, ó ti rí àfikún tó ń wá. Gàrí, àgbọn àti ẹ̀pà táwọn bàbá wa máa ń mu lọ́sàn-án bí wọ́n bá dé láti oko tàbí láti odò, oúnjẹ tó mọ́gbọ́n dání ni. Gàrí àti àgbọn ń fúnni lágbára, ẹ̀pà ń mú búlọ́ọ̀kù wá.

Bó bá sì jẹ́ pàúdà gan-an lẹ fẹ́, a ní tiwa. Edé gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ kúnná, pàúdà purotéènì ni. Ìyá tó ń bu ṣíbí edé lílọ̀ sínú ògì ọmọ rẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀wà sóyà. Láàárín ọdún 1980 sí 1990, àwọn onímọ̀ IITA n'Ìbàdàn ṣe iṣẹ́ ribiribi láti kọ́ àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe ń fi sóyà se oúnjẹ ilé. Iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà l'Óṣòdì, FIIRO, náà da sóyà pọ̀ mọ́ ògì, wọ́n pè é ní Soy-Ogi. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sóyà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sè é tàbí kó yan án jinná dáadáa, torí èròjà kan wà nínú sóyà tútù tí kì í jẹ́ kí inú lè lo purotéènì rẹ̀.

TA LÓ Ń JẸ ẸJA INÚ ỌBẸ̀?

Bọ́rọ̀ bá wá rí báyìí, kí ló dé tí ọmọ tí wọ́n bí sí etí òkun, tí ìyá rẹ̀ ń yan ẹja tà, ṣe ń fi owó ra purotéènì inú agolo? Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́.

Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ilé tó ń pẹja ni kì í jẹ ẹja. Ẹja tó dáa ń lọ sọ́jà, torí owó iléèwé àti owó epo ọkọ̀ ojú omi wà níbẹ̀. Èyí tó kù sílé ni wẹ́wẹ́. Lẹ́ẹ̀kejì, nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá àti ilé Ẹ̀gùn, bí wọ́n bá bu ọbẹ̀, baálé ilé ló ń gba ègé tó tóbi jù, ìrù ló ń kan ọmọ. Wọ́n máa ń sọ pé ọmọ tí wọ́n bá fi ẹran kẹ́ jù, olè ló máa yà. Ìtọ́ni àtijọ́ nìyẹn, ó sì nídìí tiẹ̀ láyé ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó ń ga lójoojúmọ́, tó tún ń gbé irin nírọ̀lẹ́, ìgbà yẹn gan-an lara rẹ̀ ń fẹ́ purotéènì jù. Bí kò bá rí i nínú àwo, á wá a lọ síta.

Ẹ gbé ìṣirò kékeré kan wò. Ẹ bi ọmọ yín ní iye tó ra agolo rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi iye tí wọ́n ń ta ẹyin kan tàbí kóńgò ẹ̀wà kan lọ́jà yín lónìí pín iye náà. Ẹ máa rí i pé owó agolo kan ṣoṣo á bọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, á sì ku èyí tí àwọn àbúrò rẹ̀ máa jẹ níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ṣèlérí fún un pé ẹ máa bu ẹ̀wà rẹ̀ kún, tẹ́ ẹ sì fi ègé ẹja kan lé ti tẹ́lẹ̀, ó ṣeé ṣe kó gbàgbé agolo.

EJÒ TÓ WÀ NÍNÚ AGOLO

Ewu àkọ́kọ́ ni pé ohun tí wọ́n kọ sára agolo lè má jẹ́ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Láàárín ọdún 2000 sí 2001, iléeṣẹ́ àyẹ̀wò kan nílùú Cologne, ní Jámánì, ra irú àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ 634 ní orílẹ̀-èdè 13. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, 94 nínú wọn, ìyẹn bíi 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ló ní èròjà sitẹ́rọ́ọ̀dù tẹ́nikẹ́ni ò kọ sára rẹ̀.

Àwọn eléré ìdárayá wa náà ti kàgbákò irú èyí. Ní ìdíje Commonwealth tó wáyé nílùú Delhi, ní Íńdíà, lọ́dún 2010, Oludamola Osayomi gba góòlù fún Nàìjíríà nínú eré 100 mítà àwọn obìnrin. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gba góòlù náà lọ́wọ́ rẹ̀, torí wọ́n bá èròjà kan tí wọ́n ń pè ní methylhexaneamine nínú ìtọ̀ rẹ̀. Èròjà yìí kan náà ni wọ́n ti bá nínú ọ̀pọ̀ pàúdà àti oògùn agbára tí wọ́n ń tà fáwọn tó ń gbé irin lásìkò náà.

Ewu kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, òun ni sitẹ́rọ́ọ̀dù tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́ tàbí tí wọ́n ń gbé mì. Àwọn kan máa ń bẹ̀rẹ̀ lórí pàúdà, bí ara ò bá tètè ki bí wọ́n ṣe fẹ́, ọ̀rẹ́ á fi ìyẹn hàn wọ́n. Họ́móònù ọkùnrin ni. Bó bá ti ń ti ìta wọlé, ara á dáwọ́ ṣíṣe tiẹ̀ dúró, kóró ẹpọ̀n á súnkì, àtọ̀ á dín kù, ọmú lè yọ láyà ọkùnrin. Ó ń ba ẹ̀dọ̀ àti ọkàn jẹ́. Bó bá sì jẹ́ ọmọ tí kò tíì ga tán ló ń lò ó, ó lè mú kí egungun rẹ̀ dáwọ́ gíga dúró. Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ̀ ń bẹ̀rù pé kí ọmọ yín má di akúra, sitẹ́rọ́ọ̀dù ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù, kì í ṣe omi wàrà.

Ewu kẹta ni oògùn táwọn èèyàn ń rà ní kẹ́mísìtì torí kí wọ́n lè sanra kíákíá. Èyí tó ń jẹ́ cyproheptadine, oògùn ara yíyún ni, ebi tó máa ń pa èèyàn lẹ́yìn tó bá lò ó ló ń mú un sanra, oorun á sì máa kùn ún. Inú Apetamin ló wà, èyí táwọn aláṣẹ ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kìlọ̀ fáráyé nípa rẹ̀ lọ́dún 2021. Èkejì ni dexamethasone. Ìyẹn máa ń mú ojú wú, á gbé ìfúnpá àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, á sọ egungun di ẹlẹgẹ́. Ibi tó tiẹ̀ ti yani lẹ́nu ni pé ńṣe ló ń jẹ iṣan run. Ẹni tó ń lò ó torí kára rẹ̀ lè ki, omi àti ọ̀rá ló ń kó jọ.

Ní ti kíndìnrín, àwọn onímọ̀ kò tíì rí i pé purotéènì tó mọ níwọ̀n ń ba kíndìnrín ẹni tára rẹ̀ le jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ bá ti ń ṣàárẹ̀ tẹ́lẹ̀, àpọ̀jù purotéènì lè dá kún un. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àrùn kíndìnrín kì í tètè pariwo. Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà gbọ́dọ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́sibítù kó tó fẹnu kan pàúdà kankan. Bákan náà, inú ọ̀pọ̀ àwa aláwọ̀ dúdú kì í gba ṣúgà inú mílíìkì. Bí ọmọ bá ń mu pàúdà yìí tí inú rẹ̀ ń kùn, tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ohun tó ń ṣe é nìyẹn.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ rà á lẹ́yìn gbogbo èyí, kó wo nọ́ńbà NAFDAC lára agolo. Ọdún 1993 nìjọba dá àjọ náà sílẹ̀, ẹ ó sì rántí bí olóògbé Dora Akunyili, tó darí rẹ̀ láti ọdún 2001 sí 2008, ṣe kọ́ gbogbo wa pé ká máa wá nọ́ńbà yìí ká tó ra ohunkóhun. Ọjà tó gba ọ̀nà ẹ̀bùrú kọjá ẹnubodè, kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí wọ́n bá sì ń bù tà nínú ọ̀rá láìsí agolo, ẹ má tiẹ̀ dúró nídìí rẹ̀.

Ẹ̀YIN ÀGBÀ NÁÀ, Ọ̀RỌ̀ YÍN RÈÉ

Àwọn tí iṣan ń tán lára wọn jù, wọn ò sí nídìí irin. Ilé ni wọ́n wà. Lẹ́yìn ọmọ ọgbọ̀n ọdún, iṣan ara èèyàn máa ń dín kù ní nǹkan bíi 3 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ó sì máa ń yá sí i lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún. Ìdí nìyẹn tí bàbá tó ń gbé àpò àgbọn tẹ́lẹ̀ fi ń di ògiri mú kó tó lè dìde. Ibẹ̀ ni ìṣubú ti ń wá, bí egungun ìbàdí àgbà bá sì kán, ọ̀pọ̀ kì í tún rìn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Kì í ṣe ohun tí kò látùnṣe. Lọ́dún 1990, àwọn dókítà kan nílùú Boston, l'Amẹ́ríkà, mú arúgbó 10 tó jẹ́ ẹni nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún nílé ìtọ́jú àwọn àgbà, wọ́n ní kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbé ohun tó wúwo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹni 9 ló ṣe é parí. Agbára ẹsẹ̀ wọn lé sí i ní 174 nínú ọgọ́rùn-ún, iṣan itan wọn sì ki sí i ní 9 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá lè rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, kò sí àgbà tó pẹ́ jù.

Àgbà tó wọn kílò 60 nílò purotéènì tó tó gíráàmù 60 sí 72 lóòjọ́, ó ju ti ọ̀dọ́ tí kì í gbé irin lọ. Àmọ́ kí là ń rí? Ìyá àgbà á bu ẹja rẹ̀ fún ọmọ-ọmọ, á ní òun ò léyín mọ́, á mu ẹ̀kọ lásán, á lọ sùn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má gbà fún wọn. Mọ́ínmọ́ín kò fẹ́ eyín, ẹ̀kuru kò fẹ́ eyín, ẹyin sísè kò fẹ́ eyín, ẹja tẹ́ ẹ bá yọ egungun rẹ̀ kúrò kò fẹ́ eyín. Ẹ bu edé lílọ̀ tàbí sóyà sí ògì wọn. Kí àwọn náà sì máa dìde lórí àga kí wọ́n tún jókòó, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, láìfọwọ́ ti nǹkan, bí dókítà bá ti ní kò séwu. WHO sọ lọ́dún 2020 pé ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló yẹ kí àwọn àgbàlagbà, títí kan àwọn arúgbó, máa ṣe ohun tó ń mú iṣan le.

Àwọn tí dókítà fúnra rẹ̀ lè ní kí wọ́n lo pàúdà wà o: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, aláìsàn tí oúnjẹ ò wọlé sí lẹ́nu, eléré ìdárayá tó wà lẹ́nu ìrìn-àjò. Fún àwọn yẹn, ó wúlò. Fún géndé tára rẹ̀ dá, tó wà nílé ìyá rẹ̀ l'Àgbádárìgì, ìkòkò ló yẹ kó kọ́kọ́ bojú wò. Àwọn àgbà ní bí oúnjẹ bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ẹ bu ẹ̀wà kún, ẹ dá ẹja kan dúró sílé nínú èyí tó ń lọ sọ́jà, ẹ jẹ́ kí ọmọ gbé irin rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kó sì sùn. Kò sẹ́ni tí iṣan rẹ̀ ń fi kílò mẹ́wàá lé sí i lóṣù kan. Ẹni tó bá sọ pé òun lóògùn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.